Pèpéle Iwájú Ilé ní Ìkòsì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀jẹ̀ Daddy ò tíì kúrò lára bùbá mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fọ̀ ọ́.

Ilé-iṣẹ́ ayàwòrán-ilé tí Bàbá àgbà dá sílẹ̀ ni Daddy ń darí, ibẹ̀ lèmi náà ti ń kọ́ṣẹ́. A fẹ́ ṣe pápá ìṣeré ní Ìkòsì, kí àwọn ọmọdé lè yéé ṣeré lójú títì. Èmi nìkan ni mo lọ wọn ilẹ̀ náà. Mo rí pèpéle sìmẹ́ńtì kan níwájú ilé àwọn onílẹ̀, àwọn ọmọ jókòó lé e. Mo kọ ọ́ sínú àwòrán pé ká wó o.

Sàréè bàbá àwọn onílẹ̀ náà ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo ti kàwé, ta ló ń sin òkú síwájú ilé?

Lónìí, nígbà tí èmi àti Daddy gbé àwòrán náà lọ hàn wọ́n, àkọ́bí wọn fà á ya. "Bàbá wa lẹ fẹ́ fi katapílà wó? Ta ló ya ìranù yìí?"

Daddy ní, "Èmi ni. Ẹ má bínú."

Igi ni àkọ́bí náà fi dá Daddy lóhùn. Ó là á mọ́ wọn lórí, ó tún là á mọ́ wọn lápá. Mo gbọ́ nígbà tí egungun apá wọn kán.

Bàbá àgbà máa ń sọ pé ká kí onílé, ká jókòó tì í, ká tó na téèpù. Mo rò pé ọ̀yàyà lásán ni...

Ní ọsibítù, mo bi Daddy pé kí ló dé tí wọn ò fi sọ pé èmi ni. Wọ́n fi ìrora rẹ́rìn-ín: "Apá wo lo máa wá fi tún àwòrán náà yà?"

Ẹ̀rù ń bà mí. Lọ́la, màá lọ kúnlẹ̀ ní Ìkòsì, màá sọ pé èmi ni. Mi ò ní mú téèpù dání.