Èènì Lórí Ìyẹ̀fun Abíọ́nà

Agboolé Jímọ̀,
Ṣakí.
Oṣù Kejì, 1984.

Mọ́nsúrù, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọyẹ́ Kàdúná. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera. Abíọ́nà ọmọ rẹ wà láàyè. Mo fi èyí ṣáájú kí àyà rẹ má baà já. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí kó mi nírìíra, n kò sì lè fi pamọ́ fún ọ.

O mọ̀ pé ọmọ náà rù lẹ́yìn ibà. Àwáwù ìyàwó rẹ gbé e lọ sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Florence sì fún un ní agolo ìyẹ̀fun tí wọ́n fi wàrà àti ẹ̀wà sóyà ṣe, èyí tó ń mú ẹran ara bọ̀ sípò. Ṣíbí kékeré kan wà nínú rẹ̀. Ó ní ṣíbí kan sí ife omi kan, kí a sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kí ó tẹ́jú. "Ẹ má jẹ́ kó ga o," bó ṣe wí nìyẹn.

Màmá wa gba agolo náà lọ́wọ́ Àwáwù. O kúkú mọ ìyá tó bí wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ta ọkà bàbà, kóńgò wọn kì í tẹ́jú, òkìtì ni, wọ́n á sì tún bu èènì lé e. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí fi ń fo àwọn ọlọ́jà yòókù wá bá wọn. Nígbà tí Àwáwù ní kí wọ́n gé orí ṣíbí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ẹni tí mi ò mọ̀ rí, mi ò wọn nǹkan fún un báyìí. Ọmọ Mọ́nsúrù ni mo fẹ́ wá ṣahun sí?" Wọ́n bu òkìtì, wọ́n sì fi òkìtì mìíràn ṣe èènì.

Àbúrò mi, ohun tí wọ́n pò kò ṣeé mu. Ó ki, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Wọ́n tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n di imú rẹ̀, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́ bí ẹni ń rọ ọmọ lágbo. Èyí tó ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n fi ìka kó o, wọ́n tì í padà sẹ́nu. Mo ní, "Màmá, ó tó." Wọ́n ní n kò tíì bímọ tó ẹni tí yóò kọ́ àwọn.

Ni ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó bì sí ẹní, ó bì sí ìró ìyá rẹ̀, nǹkan funfun tó dì, tó ń rùn bíi wàrà kíkan. Ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀lé e, eṣinṣin sì bo ẹnu ọ̀nà. Mo fọ ilẹ̀ títí oúnjẹ kò fi wọ ọ̀fun mi mọ́. Àmọ́ èébì kọ́ ló rí mi lára jù. Bí ọmọ bá ti bì tán, Màmá á ní inú rẹ̀ ti ṣófo, wọ́n á po òmíràn, wọ́n á tún fi kún un. Tọ̀yàyàtọ̀yàyà ni wọ́n ń ṣe é. Tùẹ̀!

Nígbà tí ojú ọmọ jìn wọ inú, tí kò lè sunkún mọ́, mo já a gbà lọ́wọ́ ìyá mi. Èmi àti Àwáwù gbé e sáré lọ sí ọsibítù. Florence yẹ inú agolo tí a mú dání wò, ó rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó mi orí. Ó ní ìyẹ̀fun tó pọ̀ ju omi lọ ló ń fa omi ara ọmọ gbẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì fa omi sí i lára títí ó fi lajú.

Ó ti ń mu ún báyìí lọ́wọ́ Àwáwù, ṣíbí tó tẹ́jú, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín. Lánàá, Màmá bẹ̀ wá pé kí àwọn náà fún un. Wọ́n gé orí ṣíbí fúnra wọn, wọ́n ní ó ń ṣe àwọn bí ẹni ń ja ọmọ lólè. Wọ́n pò ó dáadáa. Bí wọ́n ṣe gbé ife súnmọ́ ọn, Abíọ́nà rí ọwọ́ yẹn, ó di ẹnu pinpin, ó sì kọjú sí ògiri. Màmá gbé ife kalẹ̀. Láti àná, wọn kò tún fọwọ́ kan agolo náà mọ́.

Ọlọ́run yóò wo ọmọ náà dàgbà fún wa, yóò sì mú ọ wálé láyọ̀. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tòótọ́,
Sàfúrátù.

Mo tún rántí: bí o bá ń fèsì, kọ ti Màmá lọ́tọ̀. Má bá wọn wí rárá. Ìríra tí èmi ní tó fún àwa méjèèjì.