Agogo Tí Ẹ̀rọ Gbé Mì

Ojúlé Kẹsàn-án,
Àdúgbò Ìṣọ̀kan,
Oko Ọba, Agége,
Èkó.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2001.

Tinúadé mi ọ̀wọ́n, olóhùn òkè,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bàbá ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dà ọ́ láàmú nígbà Àjíǹde ti gbọ́ oògùn? Mo ti bá Olúwa sọ̀rọ̀ nípa orúnkún yẹn, torí bí ìwọ kò bá lè kúnlẹ̀ mọ́, ta ni yóò máa gbàdúrà fún èmi ẹlẹ́ṣẹ̀? Àwa náà wà níhìn-ín, a dúpẹ́. Ìlérí ọmọ wa ṣì wà ní Ìbàdàn, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Atẹ́gùn Oko Ọba ṣì wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Bó bá fẹ́ láti ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, a ó ti fèrèsé, bó bá yí padà, a ó ṣí i.

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ pé ẹ̀rọ orin wo ni Bọ́dúndé ọkọ mi wá rà nígbẹ̀yìn, torí gbogbo fáàrí tó ṣe fún yín pé kí ọdún yìí tó parí, ẹ̀rọ tí irú rẹ̀ kò sí ní gbogbo Agége yóò wọ pálọ̀ òun. Jókòó dáadáa o. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, ìwọ gan-an sì wà nínú rẹ̀.

O mọ ẹ̀rọ wa. Èyí tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá Bọ́dúndé níbi iṣẹ́ ló tà á fún un nígbà tó ń padà sílùú wọn. Amplifáyà rẹ̀, èyí tó ń gbé ohùn sókè, wúwo bí ọlọ. Spíkà méjèèjì ga dé àyà mi, igi ìrókò ni ó ní kí káfíńtà fi kan àpótí wọn. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, aṣọ funfun kan wà tó fi ń nù wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi aṣọ yẹn nu nǹkan mìíràn. Mo máa ń sọ fún un pé, "Bọ́dúndé, bó bá jẹ́ pé spíkà ni mí, ara mi ì bá máa dán ju báyìí lọ." Sùlíyá, alájọgbé wa nísàlẹ̀, máa ń bá mi wí pé mò ń pe ọkọ mi lórúkọ, mo tún ń pè é ní "ìwọ". Mo ní kó má bínú, Èkìtì ni mí, níbi tí a ti wá, ẹnì kan kì í di méjì nítorí pé ó fẹ́ ọ níyàwó. Àmọ́ kí n sòótọ́, mo fẹ́ràn bó ṣe ń tọ́jú àwọn nǹkan wọ̀nyẹn. Ọkùnrin tó mọ nǹkan tọ́jú, kò ní í fi ìyàwó gbá ilẹ̀.

Rẹ́kọ́ọ̀dù tó fẹ́ràn jù ni èyí tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa lọ ṣe nígbà tí a wà lọ́mọge. O kò lè gbàgbé. Ìwọ lo kọ ohùn òkè. Ní tèmi, ojora mú mi, ohùn kọ̀ kò jáde, ọ̀gá akọrin wá gbé agogo kékeré lé mi lọ́wọ́, ó ní bí orin bá parí tí gbogbo yín dákẹ́, kí n lù ú lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀kan! O fi mí ṣẹ̀sín títí a fi délé. Àṣé agogo ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni yóò fún mi lọ́kọ. Bọ́dúndé gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù náà ní Ìkẹjà, ó ní agogo yẹn wọ òun lákínyẹmí ara, ló bá wọkọ̀ wá sí ìkórè wa ní Ìlawẹ̀, ó ń bi gbogbo ayé pé ta ló lù ú. Ìwọ olóhùn iyọ̀ jókòó síbẹ̀, ó kọjá lára rẹ, ó ń wá alágogo. Má bínú o, ọ̀rẹ́ mi.

Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ẹ̀rọ náà ti ń rẹ̀. Ó ní ohùn rẹ̀ ti ṣú, bí ìgbà tí wọ́n da aṣọ bò ó. Nígbà tó yá, ó ní agogo kò sí nínú rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́. "Stella, ẹ̀rọ yìí ti gbé agogo rẹ mì." Inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Èmi ń gbọ́ agogo náà kedere láti ilé ìdáná, ṣùgbọ́n mo rò pé bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe rí nìyẹn. Wọ́n máa ń gbọ́ ohun tí àwa kò gbọ́, kí ló dé tí wọn kò ní í ṣàìgbọ́ ohun tí àwa ń gbọ́? Mo padà sídìí ọbẹ̀ mi.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri. Àwọn ọmọ ọjà kọ̀ǹpútà ní Òtígbà ní kó kó gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ wá, àwọn yóò da orin inú wọn sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà yóò sì máa kọ wọ́n láti inú amplifáyà, kò ní í dìde lórí àga mọ́. Ó wálé wá ròyìn, ojú rẹ̀ ń tàn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ní rárá, spíkà tuntun ni òun fẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ní gbogbo rẹ̀ pátá ni òun yóò pààrọ̀. Ìwé tí wọ́n ya àwòrán ẹ̀rọ sí gba orí bẹ́ẹ̀dì wa. Mo ní àní ọkùnrin tó ń wá ìyàwó kejì kì í yàn tó báyìí. Ó ní ìyàwó kan ṣoṣo tí òun ní ni òun ń wá agogo rẹ̀ kiri.

Nígbẹ̀yìn, ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Allen ní Ìkẹjà, ó fi rẹ́kọ́ọ̀dù wa há abíyá. Láolú ni orúkọ ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́. Ó mú wa wọ yàrá kan tí wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì bo ògiri rẹ̀, ó tan ẹ̀rọ. Háà, Tinúadé! Mo ti pinnu pé nǹkan kan kò ní í wú mi lórí níbẹ̀, àmọ́ irọ́ ni. Ohùn rẹ jáde bí ẹni pé o dúró síwájú mi nínú aṣọ ìjọ, mo gbọ́ bí o ṣe ń mí sínú kí o tó gbé ẹsẹ kejì. Orin parí. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Agogo mi dún, ọwọ́ mi sì gbéra fúnra rẹ̀. Omi ti bọ́ lójú mi nígbà tí mo yíjú sí ọkọ mi kí a lè jọ yọ̀.

Ó na ọrùn síwájú, ó ń retí. Ó ń retí agogo tó ti dún kọjá.

"Èyí náà ti gbé e mì," ló wí. Láolú wò mí. Ojú tó fi wò mí, mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo tẹjú mọ́lẹ̀.

Bọ́dúndé ní kí wọ́n fún òun ní èyí tó tún lágbára jù ú lọ. Láolú rọra ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ná." Bàbá kò gbọ́. Wọ́n fi àdéhùn sí Sátidé, pé wọn yóò gbé tuntun wá, wọn yóò sì gbé tilé wa lọ dípò apá kan owó rẹ̀. Spíkà ìrókò o! Bí a ṣe ń bọ̀ wálé ni mo ń rò ó. Ẹ̀rọ rẹ̀ yóò lọ, tuntun yóò dé, kò ní í gbọ́ agogo nínú ìyẹn náà, kò sì ní í rí tirẹ̀ gbà padà mọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu sọ fún un pé etí rẹ̀ ni? Bọ́dúndé tó jẹ́ pé bí akọrin kan bá ṣìnà, ó máa ń gbọ́ ọ kí ọ̀gá akọrin tó gbọ́!

Mo wá ń rántí nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé obìnrin ìwòyí kì í la ẹnu sọ̀rọ̀. Mo sì rántí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tó ti ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un níbẹ̀ nígbà kan, ariwo àwọn ẹ̀rọ náà pọ̀ débi pé mo ń pariwo sí i létí, kò gbọ́ mi. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, ó ní kí n má bú ariwo yẹn, òun ló ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù fún wa.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo mú agogo àdúrà ilé wa. Ó jókòó sí pálọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ka ìwé ìròyìn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo lù ú. Kò yíjú. Mo tún lù ú. Ó ṣí ojú ewé mìíràn. Bí mo ṣe lù ú lẹ́ẹ̀kẹta ni Sùlíyá fi igbe ta láti ẹ̀yìnkùlé: "Ìyá Ìlérí! Ṣé àdúrà ti bẹ̀rẹ̀ ni? Ẹja mi ṣì wà lórí iná o, ẹ bá mi dárúkọ tèmi!"

Ohùn Sùlíyá, kò sí ògiri tó ń dá a dúró. Bọ́dúndé gbọ́ ìyẹn. Ó yíjú padà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wá rí agogo lọ́wọ́ mi.

"Lù ú," ó wí. Mo lù ú. "Ṣé ó ń dún?" Mo ní ó ń dún. Ó na ọwọ́, ó gbà á, ó mì í lẹ́bàá etí ọ̀tún, ó mì í lẹ́bàá etí òsì. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo rò pé yóò bínú sí mi ni. Ọ̀rẹ́ mi, ọkùnrin yìí dìde, ó mú aṣọ funfun rẹ̀, ó sì nu spíkà ọ̀tún, ó nu ti òsì. Ó ní, "Ẹ má bínú. Èmi ni mo fẹ̀sùn èké kàn yín." Ó wá kọjú sí mi: "Stella, ẹ̀rọ ìhunṣọ ló gbé e mì. Àwọn yìí kò mọwọ́ mẹsẹ̀." Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó bẹ spíkà rí! Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ọkọ mi lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tó wá mi wá sí Ìlawẹ̀ lọ.

A ti rí dókítà etí. Ó ní ohùn tó nípọn ṣì ń wọlé, àwọn tó tín-ín-rín ni ariwo ọdún pípẹ́ ti tì mọ́ta. Ó ní kó má ṣe gbé ẹ̀rọ aláriwo kún un. Ní ti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sétí, a ṣì ń wádìí.

Ohun tí a rà nìyí, bí o bá fẹ́ mọ̀: abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹ̀rọ tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́dúndé fúnra rẹ̀ lọ bẹ Láolú, ó ní òun kò pààrọ̀ mọ́. Ó ní bí òun kò bá tilẹ̀ gbọ́ agogo náà, kí abẹ́rẹ́ tó ti gbó má baà jẹ ẹ́ mọ́ àwọn tó ń gbọ́ ọ lọ́wọ́. Ó sì ní kí àwọn ọmọ Òtígbà da rẹ́kọ́ọ̀dù wa sínú síídì. Ìlérí ti gba ọ̀kan. Èyí tí mo dì mọ́ lẹ́tà yìí, tìrẹ ni. Gbọ́ ohùn ara rẹ, kí o má gbéra ga.

A tún ṣe àdéhùn kan. Mo máa ń jókòó tì í, bí agogo bá ti dún, n ó fi ìka kan ọwọ́ rẹ̀. Lónìí, nígbà tí a ti ìjọ dé, ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù sí i. Ohùn rẹ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo gbé ìka sókè. Kí n tó fi kàn án, ó ti fi tirẹ̀ kan ọwọ́ mi, agogo sì dún. Etí rẹ̀ kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ti há àkókò rẹ̀ sórí, kò yẹ̀ rárá.

Bá mi kí bàbá ilé àti gbogbo ìjọ. Sùlíyá ní kí n kí ọ, ẹja rẹ̀ jóná.

Èmi ni, tìrẹ láti ọjọ́ orin,

Stella alágogo.