Ohun Tí Máìkì Ìlù Gbọ́

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025
A bẹ̀rẹ̀ àwo orin Moríkẹ́ lónìí. Orin mẹ́fà. Iyàrá tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀ wà nínú ilé pákó Àǹtí Àrìnpé, ẹ̀gbọ́n mi, níbí ní Ararọ̀mí. Iyàrá kẹta nìyí. Òkun ti gba méjì àkọ́kọ́. Moríkẹ́ ni mo fẹ́ fẹ́. Àbámẹ́ta, 25 oṣù yìí, làwọn ará ilé mi máa lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wọn.

Onílù ti Igbókọ̀dá wá. Godwin lorúkọ ẹ̀. Nínú ìwé yìí, Òpó ni n óò máa pè é, torí pé ó gùn, kò sì wúlò. Irọ́ ni. Ó mọ ìlù ṣọ́ọ̀ṣì í lù, tẹsẹ̀ tọwọ́, bí ẹni tí wọ́n bí sórí ẹ̀. Ó sọ nǹkan kan, Moríkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Èmi wà nídìí kọ̀ǹpútà, mi ò gbọ́. Kí ló sọ?

Ìṣẹ́gun, 7
Òpó ń yọ mí lẹ́nu. Tó bá dé ibi ègbè, á máa lù ú bíi pé ó ń bá ìlù náà jà. Tó bá di ibi tí Moríkẹ́ ń dá kọrin, ọwọ́ ẹ̀ á rọ̀, mi ò ní í gbọ́ ọ mọ́. Mo fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ sórí máìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nídìí ìlù. Iṣẹ́ ẹ̀ kò ju báyìí lọ: ohùn tó bá ń pariwo, á fún un mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà n óò fa gbogbo ẹ̀ sókè, èyí tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ á wá gòkè.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń dún bí ẹni ń lu páànù. Mo jáde lọ bu epo sí jẹnẹrétọ̀, mo wọlé, a tún un gbà, ló bá dún — háà! Àyà mi gan-an dún. Èmi ni mo ṣe é! Moríkẹ́ ní ó dà bí òkun nígbà òjò. Inú mi dùn, àfi ìgbà tó fọwọ́ gbá Òpó léjìká. Òpó! Ṣé òun ló fún ìlù náà mọ́lẹ̀ ni?

Ọjọ́rú, 8
Moríkẹ́ tún rẹ́rìn-ín.

Ẹtì, 10
Èmi nìkan nídìí iṣẹ́ lọ́sàn-án. Mo gbé iṣẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun síta, mo fún ohùn máìkì méjèèjì tó wà lókè orí ìlù mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ìlù lè kún iyàrá. Ohun tí mo gbàgbé ni pé bí ìlù bá dákẹ́, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kì í dákẹ́. Ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù nínú iyàrá, òun náà ló máa gbé sókè. Mo gbọ́ òkun. Mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Mo gbọ́ pákó tó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀.

Mo wá gbọ́ Moríkẹ́. Ìgbà tí mo jáde lọ bu epo ni. Mi ò dá ẹ̀rọ tó ń gba ohùn dúró. Ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀. Ohùn Òpó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo pa á. Mo jẹ púpurú, mi ò mọ̀ bóyá ó níyọ̀.

Àbámẹ́ta, 11
Mo tún fún ohùn yẹn mọ́lẹ̀, mo fà á sókè. "Má jẹ́ kó mọ̀." Moríkẹ́ ni. Mi ò lè pè é ní ohùn ẹlòmíì. Òpó rọra rẹ́rìn-ín. Moríkẹ́ tún ní, "Ṣe kíá, ó ń bọ̀."

Èmi ni mò ń bọ̀.

Àìkú, 12
Òpó wá sí ìsìn. Gbogbo àga tó ṣófo, ẹ̀yìn Moríkẹ́ ló rí jókòó sí. Mi ò gbọ́ ìwàásù. Nígbà tá a jáde, mo bi Moríkẹ́ pé kí lòun àti Godwin máa ń sọ tí mo bá bọ́ síta. Ó wò mí. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ orin ni." Ó yára dáhùn jù. Mò ń jowú, mi ò ní í pa á mọ́ fún ìwé tèmi.

Ìṣẹ́gun, 14
Mo ti ń mọ̀ọ́mọ̀ jáde báyìí. Mo máa ń fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa gbà. Wúyẹ́wúyẹ́ nìkan ni mo ń rí mú. Àǹtí Àrìnpé tún rí mi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Ó ní, "Kọ́lájọ, ùwọ ọma yìí, jẹnẹrétọ̀ yẹn ti yó, ṣé o fẹ́ kó bì ni?" Mo ní ó ń jò. Ó ní orí mi ló ń jò.

Ọjọ́bọ̀, 16
Moríkẹ́ gbọ́ orin kẹrin, ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní kí ló dé tí ìlù ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí wọ́n lé. Òótọ́ ni. Mo ti fún un débi pé kò sí ìlù mọ́, èémí ló kù. Mo ti gbàgbé pé orin ló wà níbẹ̀ — ọ̀rọ̀ wọn ni mò ń wá. Òpó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fún un jù." Níwájú Moríkẹ́! Ta ló bi í?

Ẹtì, 17
Mo lé Òpó lọ. Mo ní kó kó àwọn irin símbà ìlù ẹ̀, ọkọ̀ ń dúró. Ó ní kí lòun ṣe. Mo ní mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn mi. Moríkẹ́ ní, "Gbọ́ báwo?" Ojú mi lọ sókè. Ó wo máìkì tó wà lókè. Ó wò mí. Ó tẹ̀lé Òpó jáde, kò sáré, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wọ̀. Ọkọ̀ kan náà!

Ajé, 20
Mo ń wá ẹ̀rí tí n óò gbé síwájú bàbá Moríkẹ́. Mo rántí máìkì ìlù ẹlẹ́sẹ̀, ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lù, èyí tó sún mọ́ ibi tí wọ́n dúró sí jù. Mo fún òun náà débi tó lè dé. Gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ló jáde.

Òpó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní máìkì yìí ti sún mọ́ awọ ìlù jù, ìdí nìyẹn tó fi ń dún bíi páànù, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kò lè tún un ṣe, òun fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n. Moríkẹ́ ní, "Má sọ fún un. Má jẹ́ kó mọ̀. Tí wọ́n bá ti rí àléébù sí iṣẹ́ ẹ̀, kì í lè jẹun. Ìwọ ṣáà sún un sẹ́yìn. Ṣe kíá, ó ń bọ̀." Máìkì gbọ̀n. Pákó dún. Èmi ni mo ń wọlé, mò ń súfèé.

Mo ṣí ìwé yìí padà, mo rí ibi tí mo kọ ọ́ sí pé èmi ni mo ṣe é. Ojú tì mí. Kí n sì sọ òótọ́, owú náà kò lọ. Ọwọ́ Òpó ló mú ìlù mi dùn, òun náà ni Moríkẹ́ sì sọ àìlera mi fún.

Ìṣẹ́gun, 21
Mo pe Moríkẹ́. Kò gbé e. Mo pe Òpó. Godwin ni kí n wí, ẹ jọ̀ọ́. Ó gbé e. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe èmi lẹ máa bẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, 23
Mo tún pe Moríkẹ́. Kò gbé e.

Ẹtì, 24
Moríkẹ́ wọ ọkọ̀ ọ̀sán dé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀: pé mo ti gbọ́, pé mo ti mọ̀, pé mi ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó jẹ́ kí n parí. Ó ní orin kan ṣì kù, kí n tan ẹ̀rọ. Ó jókòó sórí àga Godwin, ó fa máìkì ìlù kan mọ́ra, ó kọrin náà láìsí ìlù. Mi ò tíì gbọ́ ọ kó kọrin dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó parí, ó ní kí n lọ bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Mo ní epo ṣì kún inú ẹ̀. Ó ní, "Lọ bù ú." Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo lọ dúró tì í bí ọmọ tí tíṣà ní kó dúró síta. Nígbà tí mo padà, ó ti wà nínú ọkọ̀, ọkọ̀ ti ṣí. Ẹ̀rọ ṣì ń gbà.

Ohun tó sọ nìyí. "Kọ́lá, mo mọ̀ pé wàá gbọ́ èyí. Mo lè fẹ́ ọkùnrin tó ń jowú. Bàbá mi náà ń jowú. Àmọ́ mi ò lè gbé nínú ilé tí màá ti máa wo òkè kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ti sọ fún Màmá. Kí àwọn èèyàn ẹ má wá lọ́la."

Ẹnu ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan máìkì. Mi ò fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ sí i. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ ketekete.