Ẹsẹ̀ Ọ̀ṣúndé

Òdòde-Ìdànrè,
Ọjọ́rú.

Olúbísí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run Mímọ́ tí a ń sìn yóò máa ṣọ́ ọ ní Èkó níbẹ̀, ojú kò ní tì ọ́. Ara mi le, àfi pé n kò lè jókòó sójú kan. Láti àárọ̀ mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹfà lọ wo kòkó tí a sá, bẹ́ẹ̀ òjò kò ṣú rárá. Ìwé ni mo kọ, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí àwọn tó ni nẹ́tíwọọ̀kì gbọ́dọ̀ gbọ́.

Fídíò tí o fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Ẹtì, èyí tí o gbé sórí sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù rẹ, mo rí i. Obìnrin inú rẹ̀ ní ara kì í purọ́, pé bí ọkùnrin bá fẹ́ràn obìnrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kọjú sí i, ohun tí obìnrin náà bá sì ń ṣe, òun náà yóò máa ṣe é. Àyà mi já. Ta ló sọ ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣúndé fún ọ? Ọ̀ṣúndé ará Ìrágbìjí tí ó ń bá wa ṣe oko kòkó láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú. Kò tíì sọ nǹkan kan fún mi o! Ó kàn ní bí a bá ti kó kòkó yìí sápò tán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ń padà sílé pátápátá, àfi bí ohun kan bá dá òun dúró. Ó sọ ọ́ tán, ó padà sídìí iṣẹ́. Kí ni ohun kan yẹn?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí wo ẹsẹ̀. Mo rò pé yóò rọrùn ní ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo wa ti ń bọ́ bàtà, àmọ́ pẹpẹ ni gbogbo ẹsẹ̀ kọjú sí. Mo gbé ọwọ́ sókè, Ọ̀ṣúndé gbé tirẹ̀ sókè. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo wo ẹ̀yìn, gbogbo ìjọ ló gbé ọwọ́ sókè, títí kan Wòlíì fúnra wọn.

Lọ́jọ́ Ajé a ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó lórí ẹní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo halelúyà, ó dé ìpẹ̀kun ẹní, ó yí padà, ẹsẹ̀ kọ̀yìn sí mi. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn títí di ọ̀sán, ìfẹ́ wo ló ń ṣe báyẹn? Mo wá họ ọrùn, bóyá yóò họ tirẹ̀. Kò họ ọ́. Mo họ apá, mo họ etí, mo họ ẹ̀yìn. Ó dúró, ó ń wò mí. Ojú tì mí, mo sá wọlé, mo sunkún.

Mo ní kí n tún fídíò náà wò, àṣé o ti pa á rẹ́. Ṣé inú ń bí ọ ni, Olúbísí? Ṣé nítorí bàbá rẹ ni? Bàbá rẹ kò kúrò lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n ilé yìí ti dákẹ́ jù fún mi.

Lánàá Ọ̀ṣúndé kò wá sóko. Mo ní ó ti lọ nìyẹn, n kò lè jẹun, mo kàn ń rìn káàkiri ìta. Ìrọ̀lẹ́ ló dé, eruku bò ó. Ó ní Owena ni òun ti ń bọ̀, kẹ́mísì kan níbẹ̀ ló ní ìpara tó dára fún ara yíyún. Ó ní òun rí bí ara ṣe ń yún mi lọ́jọ́ Ajé, òun kò sì lè sùn, òun kò lè fi mí sílẹ̀ báyẹn kí òun máa lọ sílé. Ó fi ìpara sí mi lọ́wọ́. N kò tilẹ̀ rántí wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Jọ̀wọ́ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ránṣẹ́, kí n fi ra adìẹ àti ìrẹsì, nítorí mo fẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pé kí ó má lọ. Má fi sí báǹkì o. Ọmọ Rẹ̀mí ló jókòó níbẹ̀, èmi ni mo gbé e sẹ́yìn nígbà tó wà ní kékeré, síbẹ̀ ó ní kí n mú ìwé wá tí yóò fi hàn pé èmi ni èmi. Fi rán Tolúlọpẹ́ awakọ̀ tí ó mú ìwé yìí wá. N kò ní la ẹnu sọ ọ́ fún un títí ìwọ yóò fi sọ pé ó dára.

Olúwa yóò fún ìwọ náà ní ẹni tí yóò kíyè sí ọ. Ire yóò bá ọ délé.

Èmi ìyá rẹ ni.

Tètè fèsì, ọmọ mi. Láti àárọ̀ mo ti fi ìpara náà para lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti ń tán lọ, bẹ́ẹ̀ ibì kankan kò yún mi.