Àbíìkọ́ tí mo pe ọmọ oníírú

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Kí ló tiẹ̀ gbé mi dé ìsọ̀ oníírú yẹn? Ọmọbìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà ní Akẹ̀sán fi ọwọ́ òsì na irú sí mi. Mo ní, "Ìwọ àbíìkọ́ yìí."

Ìyá rẹ̀ sáré kúnlẹ̀. "Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú, mà."

Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé láyé tiwọn, èébú yẹn kì í ṣe tọmọ. Ẹni tó bímọ tí kò kọ́ ọ ni wọ́n fi ń bú.

Èmi ni mo kọ́ ìyá ọmọ yẹn ní pírámárì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún mẹ́ta gbáko.

Ó bu ènì fún mi. Ọwọ́ òsì lòun náà fi nà án sí mi.