Aṣọ́nà Àpótí Lẹ́tà Mi Bi Mí Bóyá Èmi Ni

Èmi aránṣọ tí ìsọ̀ mi kọjú sí ilé Bàbá ni mò ń kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá ni. Mi ò bù kún un, mi ò sì yọ nínú rẹ̀, nítorí ìgbà méjì ni wọ́n ní kí n ka gbogbo ohun tí mo kọ sókè, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo ti fọgbọ́n yí i. Wọn kò kàwé, ojú wọn sì ti ń ṣú, ṣùgbọ́n etí wọn kò ṣú. Ìdí tí wọ́n fi ń kọ̀wé ni pé wọ́n ti ìlẹ̀kùn àpótí lẹ́tà wọn mọ́ ara wọn síta, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ wọn tó wà ní ìlú ńlá wá jẹ́rìí wọn.

Ọmọ mi àkọ́bí, Ìyá Kékeré, ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ ti dẹ́kun ariwo tó ń pa mọ́ ọ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn yóò máa ṣọ́ yín. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n má sọ fún ọ pé orúnkún ń dun òun, nítorí náà mi ò sọ. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó ń jò, mo ti kan páànù lé e, ó ṣì ń jò, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló ti ń jò báyìí.

Ohun tí mo rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló mú mi kọ̀wé. O rántí pé ilé ìwòsàn ojú ní àwọn yóò fi ọjọ́ iṣẹ́ abẹ mi ránṣẹ́ sínú àpótí lẹ́tà tí o ṣí fún mi nínú fóònù, èyí tí ẹ ń pè ní ímeèlì. Wọ́n ní bí ẹni tí àwọn kọ̀wé sí kò bá dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹlòmíràn ni yóò bọ́ sí àyè rẹ̀, tirẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Fóònù mi wá dún pé lẹ́tà ti wọlé. Aránṣọ ní kí n jẹ́ kí òun kà á, mo ní rárá, ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fojú ara rẹ̀ rí ìwé náà, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú fóònù mi kéré bí ẹyin èèrà. Ó wá mú fóònù ńlá tirẹ̀ jáde, èyí tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun, tó fi ń fi oríṣiríṣi aṣọ han àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó tẹ orúkọ àpótí mi sí i, ó tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí tí o kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, ìlẹ̀kùn sì ṣí.

Ìyá Kékeré, a kò tíì ka ìlà kan tí fóònù tèmi fi ń gbọ̀n nínú àpò mi bí adìẹ tí òjò pa. Aránṣọ kà á fún mi. Wọ́n ní ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú àpótí mi pẹ̀lú fóònù tí àwọn kò mọ̀ rí, ní ìlú báyìí báyìí, ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje. Wọ́n ní ṣé èmi ni?

Mo ṣí fìlà. Mo ní ta ló ń ṣọ́ ibẹ̀? Aránṣọ ní kò sẹ́nì kankan, ẹ̀rọ ni. Mo ní irọ́ ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún lọ́dọ̀ rẹ̀, kò bi í rí pé ta ló jókòó tì mí. Ó wá là á yé mi pé orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí nìkan kọ́ ni aṣọ́nà yẹn ń wò. Ó ti mọ fóònù tí mo máa ń mú wá, ó mọ ibi tí mo máa ń gbà wá, ó mọ àkókò tí mo máa ń wá, bí ọ̀kan bá ti yàtọ̀, ara á fu ú. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bàbá mi a máa bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ oko láàárọ̀, á ní ẹni tó gba ibí kọjá ń tiro, ẹrù sì wà ní èjìká òsì rẹ̀. A rò pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n parí sí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ kí bàbá mi tó rí nǹkan. Aṣọ́nà yìí ń rí ipa ẹsẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan.

Ó wá ku kí n dáhùn. Aránṣọ ní kí n tẹ Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní nítorí kí ni? Ṣé fóònù mi ni? Rárá. Ṣé ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́? Ọwọ́ aránṣọ ni. Ìlú tí wọ́n dárúkọ yẹn ńkọ́? Ìlú tí òpó fóònù wà lódìkejì odò ni, mi ò sì débẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ta kẹ̀kẹ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ mí, ó ní, “Bàbá, ẹ ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara yín síta o.” Mo ní, “Ẹni tó bá purọ́ fún aṣọ́nà rẹ̀, ta ni yóò tún máa ṣọ́ ọ?” Mo ní kó fi Rárá hàn mí, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n lé aránṣọ jáde nínú fóònù ara rẹ̀. Wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n ní kí n tó lè wọlé padà, kí n mú nọ́ńbà mẹ́fà kan wá tí àwọn ti fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹni tí mo fọkàn tán, èyí tó parí sí mẹ́rin àti méje. Ìwọ nìyẹn. Ẹnu tún yà mí. Nínú gbogbo ènìyàn tó wà láyé, báwo ló ṣe mọ̀ pé ìwọ ni?

Aránṣọ ní kí n pè ọ́ kí o ka nọ́ńbà náà fún mi. Mo kọ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, olè ni, ì báà jẹ́ ohùn bàbá ẹni. Èmi sì ni bàbá ẹni. Aránṣọ ní nọ́ńbà yẹn kì í pẹ́ kú, kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo ní láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ pé nọ́ńbà kú rí.

Nítorí náà, mú lẹ́tà yìí lọ bá aṣọ́nà náà ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó dájú pé ìlú ńlá yín ni yóò wà. Fi àmì ọwọ́ mi hàn án. Sọ fún un pé mi ò bínú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Má fún un lówó ẹ̀yìn o; bó bá gbà á, kò yẹ lẹ́ni tó ń ṣọ́ àpótí mi. Owó tí o bá ti fẹ́ fún un, fi kún owó ọkọ̀ tí a ó wọ̀ dé ilé ìwòsàn, àti owó páànù méjì. Ọjọ́ mẹ́fà ti lọ nínú ọ̀sẹ̀ méjì náà.

Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyí. Nígbà tí o wá kẹ́yìn, o dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gèlè tuntun, mo sì bi ọ́ pé ta ni ẹ̀ ń wá. O rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí o ṣe ń fa imú nígbà tí o dé yàrá ìyá rẹ. Láti ọjọ́ náà ni oorun mi kò ti dùn mọ́. Aṣọ́nà tí kò rí mi rí mọ ìgbà tí kì í ṣe èmi. Èmi tí mo bí ọ kò mọ ìgbà tó jẹ́ ìwọ.

Fi ẹnu ara rẹ gbé nọ́ńbà náà wá, má rán ẹnikẹ́ni. Bí o bá dé, kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí n gbọ́ ohùn rẹ. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, ìgbà ìkẹyìn tí wàá ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà rẹ kò ní dí, ìwà rẹ yóò sì jẹ́rìí rẹ níbi tí wọn kò bá ti mọ̀ ọ́.

Àmì àtàǹpàkò Bàbá nìyí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ti àkọ́kọ́ kò dúdú tó. Wọ́n ní èmi aránṣọ kò lè ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí aṣọ́nà kò mọ̀ mí.

Ẹlẹ́rìí kìíní, awakọ̀ akẹ́rù tó ń gbé pákó, tí yóò mú lẹ́tà yìí wá: Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ẹlẹ́rìí kejì, Ìyá, ìyàwó wọn: Àwọn ni lóòótọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń gbé pẹ̀lú agídí yìí, kò lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Tètè máa bọ̀, ọmọ mi. Ojú rẹ ni wọ́n fẹ́ rí.