Bí Amẹ́ríkà Bá Kó Lọ, Ta Ni Yóò Ni Harlan?

Odilia, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Brussels? Ọlọ́run tó mú Ruud ẹ̀gbọ́n rẹ lọ, tó tún mú ìyá rẹ, kó fi ọ́ sílẹ̀ fún mi, nítorí ìwọ nìkan ló kù. Èmi wà. Orúnkún ń ro mí, ṣùgbọ́n mo ṣì ń dá dìde. Fien aládùúgbò wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi ṣúgà sí i. Igi ápù ẹ̀yìnkùlé so dáadáa lọ́dún yìí. Ajá Lei ọ̀rẹ́ mi ti kú.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé nìyí. Tẹlifíṣàn sọ pé ọ̀rọ̀ wa ti sú Amẹ́ríkà, pé ó fẹ́ máa kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní Yúróòpù, kí kálukú máa ṣọ́ ilé ara rẹ̀.  Harlan ni mo rò, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ibojì rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. O mọ bí a ti ń ṣe níbí: a máa ń sanwó ilẹ̀ fún òkú wa ni, bí ọdún rẹ̀ bá sì pé tí ẹbí kò san òmíràn, ìjọba ìbílẹ̀ á hú egungun rẹ̀, wọ́n á fi ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n ṣe hú ìyá ìyá mi nìyẹn. Bí Amẹ́ríkà bá wá kó lọ, tí kò sanwó mọ́, gbogbo àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí wọ́n sin sórí òkè yẹn ńkọ́? Harlan Teague kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà tó kú níbi tí wọ́n ti ń lé àwọn ará Jámánì kúrò lóko wa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìyá ìyá rẹ ló kọ́kọ́ gba ibojì rẹ̀ tọ́jú, bí gbogbo ilé ní abúlé yìí ṣe gba òkú kọ̀ọ̀kan. Ó fi lé ìyá rẹ lọ́wọ́. Ìyá rẹ fi lé mi lọ́wọ́ lórí ibùsùn tó kú sí. Kò tiẹ̀ bi mí bóyá màá jẹun, Harlan ló ń sọ.

Ni mo bá mú owó tí mo tọ́jú de ìgbà òtútù, mo gun òkè lọ. Ọmọkùnrin Amẹ́ríkà kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, ó ń sọ èdè wa bí ẹni tí ọ̀dùnkún gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ní mo wá sanwó ilẹ̀ Harlan. Ó ní, bàbá, ẹnikẹ́ni kì í sanwó níbí, ẹ̀yin ará Holland lẹ fún wa ní ilẹ̀ yìí títí láé. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní ó wà nínú àdéhùn. Mo ní àdéhùn gan-an ni tẹlifíṣàn sọ pé ó ń mì yẹn.  Ó fún mi ní kọfí tó dà bí omi ìfọwọ́, kò sì gba owó mi.

Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo pàdé Lei. Ó ní Wiel, ṣé orí ẹ pé ṣá? Ó ní àwọn tó ń bú wa lórí tẹlifíṣàn, tí wọ́n ní a ò bá wọn ja ogun kankan rí, àwọn náà lò ń gbé òdòdó fún? Ó ní kí n fi ibojì wọn sílẹ̀, kí àwọn èèyàn wọn wá tọ́jú rẹ̀. Mo ní Lei, nígbà tí wọ́n pe Ruud mi lọ bá wọn jà ní Afghanistan, tó lọ, tí wọ́n gbé e bọ̀ nínú àpótí, ṣé ìwọ lo wà nínú àpótí náà? 

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣàn yẹn gún mi lọ́kàn. Mi ò gun òkè mọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ní kí òdòdó gbẹ. Ó gbẹ. Lánàá mo padà lọ, nítorí mo rò ó pé Harlan kò bú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kò sí nínú ilẹ̀. Mo sì rántí ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ Ruud sọ fún wa, pé nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sínú ọkọ̀ òfurufú, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì nínú eruku, wọ́n sì dúró ṣánṣán títí ilẹ̀kùn fi pa dé.

O ti sọ fún mi pé o kàn ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn alágbára nínú ilé ńlá tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń ṣèpàdé yẹn ni. Ó dáa. Bí ẹni Amẹ́ríkà bá sọ̀rọ̀ tán, fi tèmi kún un: bí wọ́n bá fẹ́ kó òkú wọn, kí wọ́n tètè wí. Fien ń rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n á lé ọ níṣẹ́. Mo ní kó kọ ọ́. Mi ò ní bá wọn jà, ìyá kan sunkún Harlan lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n kò ní dá lọ. Èmi ni màá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Nítorí náà, fowó ránṣẹ́ kí n ra kóòtù dúdú. Èyí tí mo wọ̀ nígbà tí a sin Ruud àti ìyá rẹ, kòkòrò ti jẹ ẹ́ lápá. Má fi owó náà sínú fóònù o, mi ò mọ ibi tó ń gbà jáde níbẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Wàá dàgbà jù mí lọ. Ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́, ìwọ kò ní sin ọmọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Wiel.